Ìkòkò Tó Jáde Wá Pàdé Òjò

Mo rántí ìgbà tí ìyá bàbá mi kọ́kọ́ tọ́ omi ẹ̀rọ Kútọnu wò. Ó gbé díẹ̀ sẹ́nu, ó sì rọra tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó ní ó ń rùn bí oògùn. Màmá mi bu omi kànga ilé wa ní Akpakpa fún un. Ó tọ́ ìyẹn náà wò, ó ní iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ó ku ata àti ẹja. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa tó gba ẹ̀rín lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú ni bàbá mi lọ mú un wá láti abúlé wa lẹ́bàá Kétu. Akọ̀wé ni bàbá mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ó sì ti rí i pé ìyá òun kò lè dá gbé mọ́. Kì í ṣe torí oúnjẹ. Ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún a máa fún èèyàn ní ohun gbogbo: àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, epo pupa. Omi nìkan ló máa ń fi ṣahun. Kànga jìn, okùn rẹ̀ wúwo, apá Ìyá àgbà kò sì lè fà á mọ́. Àwọn ọmọ tó ń bá a pọnmi ti wá iṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà.

Yàrá kan náà lèmi àtiẹ̀ ń sùn, ìtàn omi ló sì ń sọ fún mi. Ó ní nílé wa, wọ́n á ti gbé omi fún àlejò kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí èèyàn fi bọ́jú náà ni yóò fi fọ ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á wá dà á sídìí ata. Ó ní ojú máa ń ti ẹni tó jí omi ju ẹni tó jí ewúrẹ́ lọ, torí ewúrẹ́ ṣì lè bí òmíràn. Èmi tí wọ́n bí sí Kútọnu, tí n kò fojú kan kànga náà rí, ni mo wá ń gbé e kiri ilé ìwé. Tíṣà wa ní kí kálukú sọ ohun ìyanu kan nípa agbègbè tiwọn. Mo dìde, mo ní kànga wa jìn débi pé bí èèyàn bá ju òkúta sí i, ó lè kí ará ilé kan tọmọtọmọ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà lórí adágún, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ kí aládùúgbò, ní irọ́ ni mò ń pa. Inú bí mi bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ kànga ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò mumi. Ọsàn ló fi ń tu ọ̀fun, àti ògì gbígbóná, torí kì í gbọ́ òórùn oògùn nínú ìyẹn. Ètè rẹ̀ bó. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò kìlọ̀ fún bàbá mi pé bó bá ń lọ báyìí, ara ìyá náà kò ní gbà á. Ìyá àgbà ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Bàbá mi bi í pé ta ni yóò máa pọnmi fún un. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò lè fojú inú wo yàrá yẹn láìsí i níbẹ̀.

Níkẹyìn ó ní òun lè dúró bí òun bá rí omi òjò mu, nínú ìkòkò òun, ìkòkò tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun, tí wọ́n á rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn lábẹ́ òrùlé kí ilẹ̀ lè mú omi rẹ̀ tutù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Bàbá mi lọ gbé e wá nínú bọ́ọ̀sì, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

Ó pe bíríkìlà kan wá gbẹ́ ilẹ̀. Kòtò náà kò tíì kọjá orókún tí omi fi ń sun sínú rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n.

Ó ní, “Kò ju orókún lọ. Ojú ọ̀nà kànga ni ìyá mi bí mi sí, torí ọ̀nà náà jìn. Ibí yìí, kò ju orókún lọ, ó sì tún níyọ̀.”

Ó jókòó sórí yanrìn, ó sunkún.

Wọ́n gbọ́n omi kúrò, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, wọ́n ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀. Bíríkìlà ní kí wọ́n da omi kànga kún un kó lè wúwo, torí ilẹ̀ Akpakpa kì í di nǹkan òfìfo mú. Ìyá àgbà ní omi oníyọ̀ kò ní wọ ìkòkò ìyá òun láéláé. Bàbá mi gbè é lẹ́yìn, ọmọ Kétu lòun náà, ta ló gbọ́ ọ rí pé ilẹ̀ ń pọ ìkòkò? Ìyá àgbà tún ní wọn kò gbọdọ̀ gbe òjò àkọ́kọ́, torí òjò òrùlé nìyẹn, eruku páànù ló ń fọ̀. Nígbà tí òjò ṣú, ọmọrí ló fi dé ìkòkò náà pa.

Òjò yẹn rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àgbàlá ti di adágún, ìkòkò náà sì ti jáde kúrò nínú ilẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lé omi, ó ń léfòó lọ síhà ẹnu ọ̀nà, ọmọrí rẹ̀ sì ti há sídìí ọgbà. Ìyá àgbà wò ó títí.

Ó ní, “Ó ti dá mi lóhùn. Ó ní ká máa lọ sílé.”

Bàbá mi yíjú sí ògiri. Èmi ní tèmi bú sẹ́kún. Màmá mi, ọmọ Gùn láti Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ ìkòkò náà látìbẹ̀rẹ̀, ló ká aṣọ rẹ̀ sókè, tó wọ inú omi lọ, tó mú ìkòkò náà, tó fọwọ́ pa á yípo bóyá ó sán.

Ó ní, “Ìyá, kò lọ sílé. Ó jáde wá pàdé òjò ni. Níbí, òkè la máa ń gbé omi sí.”

Ó to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ òrùlé, ó sì gbé ìkòkò náà lé e. Òjò kejì kún un. Ìyá àgbà fi igbá bu omi, ó mu ún, ó ní òjò Kútọnu kò dùn tó tilé wa, àmọ́ ó ṣeé mu. Ó wá tún bu òmíràn. Ọdọọdún ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, tí igbá yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí mo fi lọ́kọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kú. A gbé e lọ sílé, màmá mi sì pọn omi inú ìkòkò náà dání, torí èrò máa pọ̀, omi kò sì ní tó. Ọ̀rẹ́ Ìyá àgbà kan láti ìgbà èwe, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ni a kọ́kọ́ gbé igbá omi náà fún kó tó sọ̀rọ̀. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu.

Ó ní, “Omi ilé wa rèé. Ẹ wá fi èyí sílẹ̀, ẹ gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí Kútọnu.”

Bàbá mi wo màmá mi. Màmá mi gba igbá náà, ó sì tún bu òmíràn fún un.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìkòkò náà wà báyìí, lórí búlọ́ọ̀kù. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé, àwọn ọmọ mi sì ń ra omi inú ọ̀rá. Síbẹ̀, tí òjò bá ṣú láti ìhà òkun, mo máa ń jẹ́ kí ti òrùlé kọjá kí n tó ṣí ọmọrí. Wọ́n a máa bi mí pé kí ni mò ń dúró dè nínú òjò. Mo ní kí wọ́n gbé igbá wá.