Kókó Tí Ó Wẹ̀ Kí Ó Tó Ya Fọ́tò

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nínú oko kókó Màmá, ìyá ìyá mi, lẹ́bàá Ìwàrà. Aago náà dá mi lójú nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ ya fọ́tò. Màmá ní kí n dúró ná. Ó da omi inú kẹ́ẹ̀gì sí etí ìró rẹ̀, ó sì nu èso kókó tí ó wà níwájú mi látòkè délẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ìwé.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń bá a wẹ̀ ni. Ṣé ìwọ a máa ya fọ́tò láìwẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó wá bi í pé láti ìgbà wo ni ó ti ń nù wọ́n.

"Láti ìgbà tí o ti ń wá. Gbogbo wa ni. Mo sọ fún wọn ní ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pé àwòrán kókó wa ń lọ sí Òṣogbo, kí ẹnikẹ́ni má dójú tì wá. Èyí tó bá ti jẹrà jù, a ti máa ń já a sọnù kí o tó dé."

Mo jókòó sórí igi kan tí ó ti wó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń ya fọ́tò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Fìlọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí bàbá mi ní Òṣogbo ti rín ẹ̀rín náà tán. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, ọdún kan àbọ̀ ni mo fi jókòó sílé kí iléeṣẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Àbẹ̀rẹ̀ tó gbà mí. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń ṣe, tí yóò máa gbé inú fóònù. Àgbẹ̀ yóò ya èso kókó rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì sọ fún un bóyá ara èso náà yá, tàbí pé àrùn tí ń sọ kókó di dúdú ti wọ̀ ọ́, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò fín oògùn. Fọ́tò ni ẹ̀rọ náà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, èmi ni mo sì ń ya fọ́tò náà. Wọ́n gbà mí nítorí pé Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ kò ní lé mi lóko. Lóòótọ́, wọn kò lé mi. Wọ́n ń wẹ kókó dè mí.

Bí àrùn náà bá ti ń gbilẹ̀, nǹkan funfun kan bí ìyẹ̀fun a máa hù lára èso. Àmì tó dájú nìyẹn. Aṣọ tútù sì lè nù ún kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ wa kò tíì rí i rí.

Mo wá igi tí Màmá kò tíì dé ìdí rẹ̀, mo ya èso kan tí funfun ti bo ìdajì rẹ̀. Fóònù ní ara rẹ̀ yá. Mo ya òmíràn tí kò ní nǹkan kan, àfi erùpẹ̀ tí eèrà kó mọ́ ọn lára. Fóònù ní àrùn ti wọ̀ ọ́. Màmá wo ojú fóònù, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀rọ yín kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí àìsàn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí igi kan lẹ́bàá odò. Èso mẹ́jọ ti dúdú lórí rẹ̀, igi méjì tí ó tẹ̀lé e sì ti ń gba tiwọn.

"Nígbà tí o wá kẹ́yìn, fóònù ní ara eléyìí yá."

"Kí ni ojú tiyín sọ, Màmá?"

"Ojú mi ní kò yá. Mo fẹ́ já a. Mo wá ní ọmọ mi kàwé, ojú mi sì ti gbó."

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Ó dùn mí, ojú sì tì mí. Inú ń bí mi díẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Kí wọ́n tó bí ìyá mi ni obìnrin yìí ti ń wo kókó. Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ fi etí ìró tàn jẹ ni ó wá gbà gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé kò sí ojú tó ń rí nǹkan lásán, pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ohunkóhun tí sáyẹ́ǹsì bá wọ̀n. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì yege. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dúró níwájú mi, tí ó ró ìró, tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání, n kò dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò láti Iléṣà padà sí Òṣogbo. Ó rẹ̀ mí débi pé mo sùn kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún ọ̀gá mi. Alhaji ni, ọmọ bíbí Òṣogbo, ènìyàn jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀rọ ti ṣe ìdánwò, ó sì yege," ni ó wí.

"Sà, àwọn fọ́tò tó wẹ̀ náà la fi dán an wò. Ohun tí a kọ́ ọ la bi í."

"Fìlọ́sọ́fà, o ti tún dé!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn tó fẹ́ bá wa pín in fún àgbẹ̀ máa wá wò ó. Tí wọ́n bá ti gbà á, in ṣáà Allāhù, a ó tún un ṣe."

"Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, sà, ìgbà òjò sì ni àrùn náà ń ràn jù. Àwọn àgbẹ̀ yóò ti fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kí a tó tún un ṣe."

Kò bínú. Ó ti ìwé kan sí iwájú mi. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé bí a ṣe bá èso kọ̀ọ̀kan lóko ni a ṣe yà á. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, ó ku kí n buwọ́ lù ú.

"Ìwọ lo yà á," ni ó wí. "Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ẹni tó nù ún o."

Ibẹ̀ gan-an ni ó ti dì mí mú. Bí mo bá buwọ́ lù ú, irọ́ ni, igi àwọn ẹlòmíràn yóò sì dúdú bí ti Màmá. Bí mo bá kọ òtítọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò hàn nínú ìwé ni pé Màmá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àpọ́nlé ni wọ́n ń ṣe fún mi. Èmi ni n kò béèrè. Fún oṣù mẹ́ta, kókó tó mọ́ tónítóní nínú oko eléèrà kò kọ mí lóminú rárá.

Òní ni ọjọ́ Àìkú. Ìwé náà wà lórí tábìlì, mo ti gbé nǹkan lé e kí n má baà máa rí i. Màmá pè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ṣé àwọn ará Òṣogbo fẹ́ràn fọ́tò wọn? Mo ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọjọ́ tí mo tún ń bọ̀, kí ó lè tètè pọnmi sílẹ̀. N kò lè sọ pé kí ó má pọn ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bá àgbàlagbà ṣiṣẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Báwo ni ẹ ó ṣe kọ òtítọ́ yìí tí kò ní di ẹ̀bi Màmá? Ta sì ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ṣé àwọn tó ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ ni, tàbí òun?