Èjìká Òkúta Inú Odò Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí odò abúlé wa lẹ́bàá Ìsánlú ṣì ń mù mí dé àyà, kò sẹ́ni tó ń ronú omi lásìkò òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìjà. Ará òkè odò á fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti amọ̀ sé omi kí wọ́n lè bomi rin àkùrọ̀ wọn, àwa ará ìsàlẹ̀ á máa retí tiwa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Òkúta kan láàárín odò, tó rí bí orí àti èjìká ènìyàn, ni adájọ́. Bí èjìká rẹ̀ bá ti yọ síta, ará òkè gbọ́dọ̀ ya amọ̀ náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá mi gbin ilá sétí odò, nísàlẹ̀ òkúta yìí. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá, n ò tíì wọ ilé ìwé. Ó ní owó ilá ọdún yẹn ló máa gbé mi débẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, kí n tó fẹnu kan iṣu sísun àti epo.

Lọ́jọ́ kan, omi ò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ilá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìyá mi lọ bá Bàbá Rábíù, olórí àwọn àgbẹ̀ òkè, létí odò.

“Okun o, Bàbá,” ó kí i. “Ṣé itọ́ lẹ fẹ́ ká fi bomi rin ilá ni?”

“Ìyá Délé, èjìká dà? Òkúta kì í purọ́.”

Lóòótọ́, omi mù ún dé ọrùn.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti sé odò nísàlẹ̀ òkúta náà, ká lè kó ẹja àrọ̀ jọ. Omi tí kò ríbi kọjá ló padà sẹ́yìn, tó bo èjìká mọ́lẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, pàṣán ò ní bà mí, ṣùgbọ́n ilé ìwé lọ nìyẹn.

Mo bọ́ sódò, mo fa ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa yọ. Omi hó, ẹja wa bá a lọ. Kò pẹ́, èjìká òkúta yọ síta, ó ń dán.

Bàbá Rábíù bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ rẹ ló sé ọ lómi, Ìyá Délé!” Òun fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́, ó lọ ya amọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti dé ìdí ilá. Ìyá mi nà mí ní pàṣán mẹ́fà, ó wá sun iṣu tó tóbi jù nílé fún mi. Ọmọbìnrin Bàbá Rábíù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Òun ni mo fẹ́ níkẹyìn. Ọlọ́run ti pè é báyìí.

Ilá so. Mo wọ kíláàsì kìíní, mo ga ju gbogbo wọn lọ.

Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ fa àdá yọ síra wọn. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ̀lé mi. Ìsàlẹ̀ òkúta ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ. A kó pàǹtí tó dí odò níbẹ̀ kúrò, èjìká sì yọ. Látọjọ́ náà, bó bá ti yọ, ẹ̀rọ òkè á dákẹ́. Láyé ìgbà yẹn, amọ̀ ni wọ́n ń ya; báyìí, bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀. Ilá ìhà méjèèjì ló yè.

Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Kò purọ́ rí, àfi èyí tí èmi àti pàǹtí kọ́ ọ.