Sonoe Ìlú Ìdájí

Bí ẹ bá dé Kyoto lẹ́yìn tí oòrùn ti gòkè, ẹ̀yìn orí èèyàn lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ìlú. Sonoe ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Á ní, "Ìlú méjì ló wà níbí. Ti ìdájí, tiwa ni. Èyí tó kù, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ló ni ín, kí wọ́n máa ti ara wọn níbẹ̀ títí alẹ́." Tó bá ti sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín, eyín wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ á yọ.

Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ egungun abẹ̀bẹ̀ níwájú ilé yẹn, tí òun sì ń fi èérún oparun ṣeré nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ní kó ta ilé náà, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Nagoya. Sonoe kò bá wọn jiyàn. Ó pe káfíńtà, ó tún yàrá méjì tó wà lókè ṣe, ó tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀, ó sọ ọ́ di ilé àlejò. Ilé náà kò tóbi, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga fíofío, balùwẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ohun tó ń fa èèyàn wá síbẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, Sonoe á kan ilẹ̀kùn wọn, á ní, "Ẹ dìde o, ìlú ti jí!" Á kó wọn jáde, wọ́n á lọ wo Kyoto nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni níta àfi kannakánná àti àwọn tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà. Ìrìn yìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà sì ni ìgbádùn rẹ̀, torí kò sí ọjọ́ kan tó lọ tí kò padà wá rò fún mi bíi pé òun gan-an ni àlejò.

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ṣe ń gbálẹ̀ ní àdúgbò wa. Àárọ̀ kùtù lobìnrin kọ̀ọ̀kan ń gbá iwájú ilé rẹ̀, tí á sì wọ́n omi sí i. Tó o bá gbá a dé ààlà ìwọ àti aládùúgbò rẹ, o kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ gan-an, wọ́n á ní ahun ni ẹ́. Wàá kọjá ààlà díẹ̀, bí ìwọ̀n ẹnu ọwọ̀ kan, láti fi hàn pé ọ̀rẹ́ ni yín. Ṣùgbọ́n tó o bá kọjá rẹ̀ jù, o ti sọ fún onílé pé ọ̀lẹ ni, iwájú ilé rẹ̀ dọ̀tí, o ti wá bá a ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Bí ọwọ́ ṣe mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí á bọ́ sínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ṣe mọ̀ ọ́n.

Mama Fusa ló ń gbé ilé tó kángun sí ti Sonoe. Òun ló dàgbà jù ní àdúgbò, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun tó bá sì sọ ní ìpàdé ni ìpàdé ń gbà. Kò fẹ́ràn àwọn àlejò Sonoe. Kò sọ ọ́ gbangba rí o, ọmọ Kyoto kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Sonoe, àpótí onítáyà àwọn àlejò rẹ mà mọ orin kọ o! Mo ti ń wá bàtà mi, mo rò pé rélùwéè ti dé ẹnu ọ̀nà wa."

Ẹ̀rín lásán kọ́. Ní òpin oṣù yẹn, Genzo tó ń ta ọtí ìrẹsì, tó jẹ́ alága àdúgbò, sọ pé wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àlejò wá sí ìpàdé. Àwọn kan ní kí àlejò kankan má ṣe gba àdúgbò kọjá mọ́ kí oòrùn tó yọ. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, ìrìn ìdájí ti parí nìyẹn. Ta ló sì máa wá sùn ní ilé tí balùwẹ̀ rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìrìn ìdájí? Sonoe á ti ilẹ̀kùn, á gba Nagoya lọ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ewé ń rẹ̀ ni, igi gínkò tó wà lẹ́nu àdúgbò ti da ewé yẹ́lò sí gbogbo ilẹ̀. Àlejò tó wà lọ́dọ̀ Sonoe lọ́sẹ̀ yẹn ni Baba Ogata àti ìyàwó rẹ̀, àgbẹ̀ onírẹsì láti Akita, àwọn èèyàn tó ti jí kí àkùkọ tó jí. Ní ọjọ́ kẹta ṣáájú ìpàdé, wọ́n dúró ti Sonoe níta, ó ń gbálẹ̀, ó ń sọ fún wọn bí ìkùukùu ṣe máa ń bo odò Kamo. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ̀ sì ń tẹ̀lé ẹnu. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń fọ eyín. Mo rí i tí ọwọ̀ dé ààlà, tó kọjá ààlà, tó kọjá ilẹ̀kùn Mama Fusa, tó lọ dé ìdí ìkòkò òdòdó rẹ̀ ní ìkangun lọ́hùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu mi.

Ilẹ̀kùn Mama Fusa ṣí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ẹ mà ṣeun gan-an o. Ẹ̀yin tí àlejò kún ilé yín báyìí, ẹ ṣì tún rí àyè tọ́jú arúgbó."

Tí Mama Fusa bá ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ojú ọjọ́ ti yí nìyẹn. Sonoe wo ọwọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mama Fusa ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ kejì, Mama Fusa ń gbálẹ̀ dé ààlà, ó sì ń dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí Sonoe tó jáde gbá tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á jẹ́ ewé, bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò rí i.

Mo lọ bá Sonoe lálẹ́. Mo ní, "Ra àkàrà ẹ̀wà pupa, èyí tí wọ́n ń dì sínú páálí dáadáa, kó o gbé e lọ bá màmá yẹn, kó o kúnlẹ̀."

"Mi ò gbé e."

"Agídí ni àbí kí ni?"

"Àǹtí Masuyo, orúnkún ń dun màmá yẹn. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, èmi sì lọ fi ọwọ̀ kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Tí mo bá tún gbé àkàrà dání, ìkéde ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ojú á tún tì í sí i."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe? Ọ̀la nìpàdé!"

"Ẹ bá wa rìn láàárọ̀ ọ̀la," ó wí, bí ẹni pé ìyẹn lohun tí mo bi í. "Ẹ ti gun òkè Kiyomizu láìpẹ́ yìí?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo rò ó, ìgbà tí ọmọkùnrin mi wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo gùn ún kẹ́yìn, ọmọ náà ti ní irùngbọ̀n báyìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde, òtútù ń gé etí, àwọn Ogata ti de ọ̀já mọ́ ọrùn. Ewé kún iwájú ilé Sonoe dé kókósẹ̀. Ọwọ̀ rẹ̀ fi ara ti ògiri.

"Sonoe! Iwájú ilé ẹ ńkọ́?"

"Mo rí i."

"Ṣé o fẹ́ kí gbogbo àdúgbò jí bá pàǹtí yìí lọ́jọ́ ìpàdé ni?"

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Àǹtí. Mo ti fi tèmi sílẹ̀ fún un kó gbà á padà. Ọ̀rọ̀ á dọ́gba."

"Tí kò bá gbá a ńkọ́?"

"Mama Fusa? Kó rí ewé kó má gbá a? Ara rẹ̀ á máa yún un." Ó ti ń lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ká tó dé etídò!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mò ń bojú wẹ̀yìn.

Ooru ń yọ láti ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ṣe tófù, ó kún gbogbo ojú títì. A dé orí afárá. Odò Kamo kò hàn, ìkùukùu ló ń ṣàn dípò rẹ̀. Lékeléke méjì dúró nínú rẹ̀ bíi pé wọ́n gbàgbé wọn síbẹ̀. Lábẹ́ afárá, ọkùnrin kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fun fèrè idẹ, ó ń ṣì í, ó ń padà tún un fun, kò sí ẹni tó ń bú u.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tíì mọ̀ ọ́n," Baba Ogata wí.

"Ó ti ń fun ún láti ọdún márùn-ún," Sonoe dáhùn. "Ẹ bá a yọ̀, ó ti sunwọ̀n díẹ̀."

Ìyá Ogata rẹ́rìn-ín títí ó fi di afárá mú.

A gba àárín àwọn ilé onígi ní Gion, fìtílà ẹnu ọ̀nà wọn ti kú, ológbò kan ṣoṣo ló jókòó sáàárín títì bí onílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, èèyàn kò lè na apá níbẹ̀. Sonoe na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń rìn lọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí àwa náà nà án. Èmi arúgbó mi, mo nà án! A gun òkè tó lọ sí ìdí ilé gogoro alájà márùn-ún, bàtà wa ń ró ko, ko, ko lórí òkúta. Ìyá Ogata bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àtẹ̀gùn, ó ní, "Ó tutù bí ẹja." Àfi bíi pé àwa la fi ọwọ́ ara wa kọ́ ìlú náà.

"Ǹjẹ́ wọ́n á ti gbá a báyìí?" mo bi Sonoe.

"Gbá kí ni?" Ó ti gbàgbé! Ẹ̀bùn wo nìyẹn?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹnubodè tẹ́ńpìlì Kiyomizu ni. A dúró sórí fàráńdà onígi ńlá tó nà jáde sí orí igbó, gbogbo ìlú wà lábẹ́ wa, eérú-eérú. Baba Ogata ti yọ fóònù. Sonoe fọwọ́ bò ó. "Ẹ sinmi ná, Baba. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú." Oòrùn wá kan òrùlé kan lọ́hùn-ún, ó tún kan òmíràn, àwọn igi pupa tó wà nísàlẹ̀ wa sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbàgbé ewé, mo gbàgbé ìpàdé. Ìlú tí wọ́n bí mi sí rèé, mo sì ti ń sùn mọ́ ọn lójú láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

A jẹ búrẹ́dì tó nípọn àti ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kan. Obìnrin tó ni ín rí mi, ó pariwo, "Masuyo! Ṣé ọkọ ẹ lé ẹ jáde ni?"

"Èmi ni mo fi í sílẹ̀," mo ní. "Bu kọfí."

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀sì ti ń tú èèyàn dà sílẹ̀. Wọ́n ń gòkè, àwa ń lọ sísàlẹ̀. Sonoe kí gbogbo wọn bíi pé òun ló ni òkè náà. Ó yí sí mi: "Àwa ti jẹ ẹran, wọ́n ń bọ̀ wá lá egungun."

Ẹnu àdúgbò ni mo ti tún rántí ewé. A yí kọ́nà.

Ewé kan kò sí níwájú ilé Sonoe. Wọ́n ti gbá a láti ìkangun dé ìkangun, wọ́n gbá abẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ́n omi sí i, òkúta ń dán. Mama Fusa dúró nínú rẹ̀, ó gbé ara lé ọwọ̀ bí ọ̀gágun tó gba ìlú.

"Ẹ káàbọ̀ o. Mo rí i pé ọwọ́ yín dí, mo ní kí n bá yín mú un."

Sonoe tẹrí ba gan-an. "Mama, ojú tì mí. Ẹ ṣeun."

"Ojú gbọ́dọ̀ tì ẹ́. Odidi obìnrin!" Ó ti padà ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ó yí sí àwọn Ogata. "Kí lẹ rí?"

Wọ́n rò fún un: ìkùukùu, lékeléke, oòrùn. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ ṣùtì. "Ṣé ó mú yín dé ibi tí bàbá mi ti ń ṣan aṣọ aláró nínú odò? Kò mú yín débẹ̀? Ẹ ò tíì rí nǹkan kan nígbà náà."

Lálẹ́, ní ìpàdé, Genzo gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àlejò kalẹ̀, gbogbo wa yíjú sí Mama Fusa. Ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Àdúgbò tí a kì í gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn nínú rẹ̀ ní ìdájí, itẹ́ òkú ni. Èmi ò tíì ṣe tán láti gbé níbẹ̀." Genzo ní ó parí, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdalẹ̀nù.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, Sonoe kó àwọn Ogata jáde, èmi náà ti wọ bàtà. Mama Fusa wà níta ṣáájú wa, ó fi aṣọ wé orí, ó gbá ọ̀pá mú.

"Mama, ṣé ẹ fẹ́ bá wa lọ ni?" Sonoe bi í.

"Ta ló ń bá ẹ lọ?" ó wí, ó sì kọ ẹsẹ̀ sí iwájú. "Ọ̀nà odò ni èmi ń gbà. Tí ẹ̀yin náà bá ń gba ibẹ̀, ẹ má rìn yára."