Táyà Iwájú Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sunday kan fún yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Bí mo bá ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, ẹ má bínú, bí mo ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí mo ti bímọ.

Dámi lorúkọ ọmọ mi. Ó ti ń jókòó dáadáa, ó ti ń fẹ́ rá. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí, dókítà sì ní mi ò gbọdọ̀ pọ̀n ọmọ títí yóò fi san. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ní Ìdànrè níbí, tó jẹ́ òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, wọ́n ní kí ìyá ọmọ má pọ̀n ọmọ. Kí ni kí n wá fi gbé e?

Ẹ̀yìn nìkan kọ́. Inú mi náà kú. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí mi, màá kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò. Mò ń fún un lọ́mú, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mi ò kàn mọ nǹkan kan lára ni.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní Aládé nínú Ìdànrè níbí náà, rí i. Ó ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò pọ̀n kì í mọ òórùn ìyá rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí Dámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ná. Mo ní ó tì. Ó ní kò burú, àmọ́ bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ náà lọ́wọ́ mi pẹ́nrẹ́n, òun ò ní bi mí mọ́, òun á wá gbé e ni. Ṣé ó dùn mí? Ká sòótọ́, kò dùn mí. Kò tilẹ̀ bí mi nínú.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òfosu, ló ní ká ra kẹ̀kẹ́ ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní stroller. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́, ó pè mí lórí video call. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Táyà iwájú ti àkọ́kọ́ dúró gbọin-gbọin, ọ̀kánkán nìkan ló mọ̀. Bí o bá fẹ́ yà, àfi kó o tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ kí iwájú rẹ̀ gbéra. Táyà iwájú ti èkejì ń yí síbi tó bá wù ú. Ọkọ mi fi ìka kan ṣoṣo tì í lórí táìsì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń jó kiri! Ó bi mí pé èwo ni kí òun mú.

Mo ro ti ẹ̀yìn mi, mo ní kó mú èyí tó ń yí. Ta ni kò ní mú un?

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, mo wọ sùtánà mi láti ilé, mo gbé Dámi sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ni mo wolẹ̀ tí mo rí sílípáàsì lẹ́sẹ̀ mi! Bí ọkàn mi ò ṣe sí níbì kan nìyẹn.

Mo bá ṣe ohun tí àwọn tó ń fi ọmọlanke kó kòkó níbí máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ sinmi lórí òkè. Mo dá kẹ̀kẹ́ náà dábùú ọ̀nà, mo kọjú rẹ̀ sí àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọlanke tí wọ́n bá dá dábùú kì í lọ síbì kankan. Mi ò rántí bíréèkì. Mo fọwọ́ sílẹ̀, mo rọra bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn mi, kí n lè bọ́ sílípáàsì.

Ṣé táyà ọmọlanke ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ni? Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn yí fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ìsàlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó gbórí sókè, ọmọ mi ti ń lọ.

Ẹ bi mí bóyá mo sáré. Mi ò sáré! Mo dúró, sílípáàsì kan lọ́wọ́, ìkejì lẹ́sẹ̀, mò ń wò ó. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé kẹ̀kẹ́ yìí mà yára o.

Ọlọ́run ló yọ wá. Obìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn olóko dáko kòkó níbí sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ já wọ inú kòkó, táyà rì, ó dojú dé. Obìnrin náà pariwo Jésù, ó sáré gbé ọmọ. Nígbà tí mo débẹ̀, kòkó wà lórí Dámi, ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ké. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó díẹ̀. Obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọmọ yín ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ mọ ìlú wa, kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé Aládé. Nírọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi gun ọ̀kadà dé. Kò bá mi jà. Ó kó aṣọ Dámi sínú báàgì, ó pọ̀n ọ́n, ọmọ sì gbórí lé e lẹ́yìn, ó sùn. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbọ́ ohùn ara mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ."

Ó yà mí lẹ́nu ju bó ṣe yà á lọ. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ máa fi gbé e. Mo ní kó fún mi di Saturday, èmi fúnra mi á tì í wá sí Aládé nínú kẹ̀kẹ́ mìíràn. Bí ọmọ ò bá gúnlẹ̀ láyọ̀, kó má dá a padà fún mi mọ́. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e fún mi.

Ọkọ mi lọ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, ó gba èyí tí táyà iwájú rẹ̀ dúró. Saturday pé, mo gbéra. Kọ́nà pọ̀ lọ́nà Aládé! Ní gbogbo kọ́nà, màá tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn mi á sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ já. Ó dùn mí gan-an. Níbi tí òkè ti ga, mo dá a dábùú, mo tẹ bíréèkì, mo dúró mí. Kò mira.

Ìyá ọkọ mi ń dúró dè wá níwájú ilé. Ó fẹsẹ̀ ti táyà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ò yí. Ó bu omi fún mi. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, òun ló gbé Dámi padà sínú kẹ̀kẹ́, ó ní ká máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé o. Bí ilẹ̀ yín bá tẹ́jú, ẹ ra táyà tó ń yí, ẹ gbádùn ara yín. Àmọ́ bí òkè bá yí yín ká bíi tiwa, ẹ ra èyí tó dúró, bó tilẹ̀ nira, ẹ sì tẹ bíréèkì kí ẹ tó fọwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ tí inú yín kú lẹ́yìn ìbímọ, ẹ sọ fún dókítà. Èmi náà ti sọ. Irú kẹ̀kẹ́ wo lẹ lò? Ìgbà wo ni ara yín padà bọ̀ sípò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á.

Mi ò tíì lè sọ pé mo fẹ́ràn ọmọ mi bí ẹ ṣe fẹ́ràn tiyín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ.