Bí A Ṣe Tún Àká Màmá Àgbà Ṣe

Ẹni tó bá rí Mushin lónìí kò ní gbà pé oko ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé wa, láàárín ilé alájà méjì kan àti ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà, àká bàbá bàbá mi ṣì wà níbẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1980. Àgbàdo ni wọ́n ń kó sí i láyé ọjọ́un. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n gbé e lé orí àwọn òkúta ńláńlá kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí àgbàdo má baà bu. Ìrókò ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, odidi pákó kan ṣoṣo, ojú àáké ṣì hàn lára rẹ̀.

Ọwọ́ Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sí àgbàdo kankan níbẹ̀ mọ́ o, ìkòkò àti àga tó ti kán ló kù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ìyá yẹn, ẹ ṣáà ní kí wọ́n wó àká.

"Ẹsẹ̀ mi yìí ni mo fi tẹ amọ̀ rẹ̀," ni yóò wí. "Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí nígbà yẹn. Èmi àti baba yín la jọ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n kú ná."

Ẹni tó fẹ́ wó o ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Màmá, olórí ẹbí wa. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán ni nígbà náà, mi ò tí ì níṣẹ́, ẹnu mi sì mú. Bí bàbá yẹn bá ti ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù, màá máa kùn. Ẹni tó ti nílé sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ ìyá arúgbó?

Ayálégbé kan wà ní yàrá iwájú wa, olùkọ́ ni ní yunifásítì, ilé kíkọ́ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó kó dé tó lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ló bá rí àká. Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ó ní òun ò tí ì rí irú èyí tó ṣẹ́kù sí àárín ìlú Èkó. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò, òun á mú wọn wá. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè wó o mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa bọ̀," ló wí. "Tí wọ́n bá ní ó yẹ kó wà, mo gbà, ẹ ò ní gbọ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu mi mọ́. Tí wọ́n bá ní kò yẹ, kátàpílà dé nìyẹn."

Gbogbo ilé gbọ́. Màmá Àgbà náà ní òun gbà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ wá rìnrìn àjò, ó ní tí òun bá ń bọ̀, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ náà làwọn jọ ń bọ̀. Ha, ilé gbóná. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Tá a bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, a ó fọ kọ́tìnì, a ó ha balùwẹ̀, a ó kó gbogbo ohun tí kò dáa pa mọ́. Áńbọ̀sìbọ́sí àlejò ìjọba. Màmá Àgbà ní ojú á ti òun tí wọ́n bá wá bá ògiri tó ti sán. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri yípo. Màmá tún ní ẹsẹ̀ àká hàn síta bíi ti adìẹ, ni wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ rẹ̀ pa. Káfíńtà yọ ìlẹ̀kùn ìrókò, ó fi tuntun tó ń dán sí i. Wọ́n la ti àtijọ́, wọ́n fi dáná. Èmi ni mo kun ọ̀dà. Búlúù ni. Mo kùn ún títí ó fi dé irun mi, mo ń kọrin, torí mo gbà pé a ti borí ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn.

Wọ́n dé. Olùkọ́ ló ṣíwájú, ó yà sẹ́yìn ilé, ó dúró.

"Màmá, àká náà ńkọ́?"

"Òun nìyí," ni Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò dá a mọ̀ mọ́, àbí? A ti tún un ṣe dè yín."

Olùkọ́ ká ọwọ́ lérí. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà kan ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó béèrè ìlẹ̀kùn. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Kò bú wa. Wọ́n kí Màmá dáadáa, lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti èmi sí ẹnu ọ̀nà, ó fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Ohun tí àwọn ì bá dáàbò bò la ti fi sìmẹ́ǹtì bò, ilé tuntun làwọn bá. Àwọn ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ọwọ́ ara wa la fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò gbé ìka kan sókè. Ó yí padà lọ bá Màmá, èmi náà tẹ̀ lé e, mo ti kó ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí i jọ sẹ́nu, kó bínú tó bá fẹ́ bínú.

Màmá jókòó sórí àpótí níwájú àká rẹ̀, ó ti wọ àdìrẹ tuntun.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóṣòó tì í.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, Màmá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Títí kan ìwọ náà?"

"Títí kan èmi náà, Màmá."