Ilé Tí Bàbá Mi Fi Eérú Kọ́

Nígbà tí ọjà kú ní Bouaké, níbi tí a ṣe àtìpó sí, bàbá mi di ọ̀gá nínú ilé kíkọ́. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà ní tirẹ̀, n kò sì rí i kó to búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn rí. Ṣùgbọ́n owó séfà ti já wálẹ̀, oníbàárà ò yọjú mọ́, àyè sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ ń tajà. Wọ́n ní láti wá nǹkan kan fi ẹnu ṣe.

Ohun tí wọ́n rí ni ilé ńlá kan tí gbogbo wọn á jọ kọ́ sórí ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́yìn àdúgbò Kennedy, níbi tí ìlú ti ń parí lọ. Ìsọ̀ á kọjú sí títì, ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa gbé òkè ìsọ̀ tirẹ̀, mọ́ṣáláṣí àti ilé kéwú á wà láàárín. Baálé ìdílé ẹ̀yà Baoulé tó ni ilẹ̀ náà, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà èwe, ti gbà láti tà á fún wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sórí ìwé, ni bàbá mi bá ń yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní àgbàlá ilé tí a háyà ní Belleville. Eérú tí ìyá mi ń tọ́jú sínú garawa láti fi fọ ìkòkò ló fi ń yà á. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó là gbọọrọ ló sì fi ń wọn ilẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣe dùn tó ló ṣe ń fa rọ́bà náà tó. Ìsọ̀ tirẹ̀, tó wà ní kọ́nà, ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àwo sì ń sún lọ sídìí gọ́tà.

"Alájì, rọ́bà yín yìí ń ṣojúsàájú," ni aláwo wí.

"Ojú yín ni ò ríran dáadáa," bàbá mi dáhùn, ó sì tún fà á.

Àwa ọmọ ti kó wọlé ní tiwa. Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí yàrá tí wọ́n fún mi, àwọn àbúrò mi ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ìyá mi nìkan ni kò wọ ilé náà. Bó bá pọn omi dé, á rọra gba ẹ̀gbẹ́ eérú kọjá, kò ní tẹ yàrá rẹ̀ mọ́lẹ̀ láé.

Ó ti nílé rí, ní Kumasi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rẹ́ ògiri ilé ìdáná ibẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó ń dáná níbẹ̀ tí ìjọba Ghana fi ní kí àwọn àjòjì máa lọ. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ràn ohun tí kò ṣeé gbé rù.

"Ẹ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ máa gbé inú ẹ̀," ló máa ń sọ fún bàbá mi. "Èmi ò tún wọ ilé tí wọ́n á lé mi jáde níbẹ̀ mọ́."

Bàbá mi sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ìyá wa ò bá wọlé, òun ò kọ́ ọ. Ni gbogbo wọn bá ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ilé ìdáná rẹ̀ súnmọ́ kànga, wọ́n ṣí fèrèsé fún un. Ohun tó kàn ń bi wọ́n ni ìgbà tí wọ́n á dá eérú òun padà.

Àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀, ta ni àjòjì, gba ẹnu gbogbo èèyàn, láti orí rédíò dé inú ọkọ̀. Anago tí wọ́n ti ń pè wá tipẹ́, tí a sì ń fi rẹ́rìn-ín, wá ń dún létí wa bí èébú. Lọ́jọ́ kan, baálé tó ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé iṣu wá. Ojú ń tì í. Ó fi èdè Dioula sọ fún bàbá mi pé àwọn ọmọ òun ní àwọn ò ní ta ilẹ̀ fún àjòjì.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "nínú ilé mi gan-an ni wọ́n ti ń bá mi jà."

Bàbá mi dúpẹ́ iṣu, ó sìn ín sọ́nà. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì gbá ilé wa lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti fẹ́ràn yàrá mi.

Mò ń retí kí ìyá mi sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó gbé garawa eérú rẹ̀ síwájú bàbá mi.

"Ẹ tún un yà."

"O ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

"Mo gbọ́. Ẹ yà á."

Bàbá mi yà á. Ọwọ́ rẹ̀ ò le, rọ́bà náà dẹ̀, gbogbo ilé wá kéré, títí kan ìsọ̀ kọ́nà. Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó dúró láàárín ilé ìdáná rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò níbí," ó ní. Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ṣùgbọ́n ó há jù. Ẹ fa rọ́bà yín dáadáa."

Bàbá mi fà á títí ilé ìdáná fi gba ìsọ̀ kọ́nà mọ́ ọn lọ́wọ́.