Ẹ̀ṣọ́ Inú Ìfun Màmá

Wàrà sóyà ni mo ń dín tà níwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé mi ò jìnnà, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí oníbàárà bá kí mi, inú agbada ni mo máa ń wò dá a lóhùn.

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, Màmá ni mo ń pè é. Wọ́n sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ó lè ṣàkóbá fún ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi ò ní ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ tí mo sìn ín lọ gba oògùn, nọ́ọ̀sì ń bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní, "Bí ẹ bá jẹ sóyà, inú yín á fọ́ púrótíìnì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ègé wẹ́wẹ́ yẹn, tó ń jẹ́ pẹ́pítáìdì, ó ṣeé ṣe kó máa dá díẹ̀ lára ọ̀rá dúró nínú ìfun bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, kó má ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀ o."

Màmá ti ń pàtẹ́wọ́ kí nọ́ọ̀sì tó dé orí "ṣùgbọ́n".

Láti ìgbà náà, wàrà mi ni Màmá máa kọ́kọ́ jẹ. Á wá gbé ọwọ́ lé ikùn, á dúró díẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè to ara wọn. "Ó yá, wọ́n ti wà lẹ́nu géètì." Nígbà náà ló máa ṣí ìkókorè rẹ̀, tí ọ̀rá ẹran màlúù ń dán yinrin nínú epo.

"Màmá, ọ̀rá yẹn mà pọ̀," ni mo wí lóhùn jẹ́jẹ́.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ìjẹun ni."

Ó tún ròyìn fún àdúgbò. Alhaja tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ìhà àgbò dé: "Ẹ̀ṣọ́ tèmi dà?" Bí ọjà mi ṣe ń tà tó ni àyà mi ń já.

Nígbà tí a padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀rá náà ti lọ sókè sí i.

"Kí lẹ ń jẹ, Màmá?"

"Sóyà ni! Ọmọ mi yìí ló ń ṣe é."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo bàtà mi. Ó ní ó jọ pé dókítà máa fi kún oògùn náà. Oògùn tó ti ń mú kí ẹsẹ̀ máa ro Màmá!

"Ọ̀rá ẹran ni Màmá ń jẹ lé e lórí, Mà," ni mo bú jáde. "Inú òróró ni mo sì ti ń dín wàrà náà!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi.

"Háà!" ni Màmá wí. "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀! Àṣé ilé ìwòsàn lo ń tọ́jú ẹnu ẹ sí!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, ẹ fi òróró rin ẹ̀ṣọ́ gbindin, ẹ tún wa tírélà ọ̀rá kọ lù ú!"

Wọn ò fi kún oògùn náà mọ́. Wàrà bíbọ̀ àti ẹja gbígbẹ ni mo wá ń fi sínú ìkókorè Màmá, epo rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ. Ó fi ṣíbí gbé wàrà funfun kan sókè. "Ẹ̀ṣọ́ wo rèé tí ò wọ yunifọ́ọ̀mù?" Ó jẹ ẹ́ ṣáá.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ọ̀rá náà ti wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn àti ọ̀rá ẹran tó fi sílẹ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ti sóyà.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, Màmá gbé ọwọ́ lé ikùn, ó mí kanlẹ̀.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ń sùn ni o. Àlejò ò yà mọ́."